Bí Àlàáfíà Bá Ni, Ẹ Tẹ Ení

Ìyá ti yàgbẹ́ títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ju omi lọ, omi funfun bí èyí tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Onídìrí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń gbé póò jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ó ń dà á nù, ó ń fọ̀ ọ́, ó tún ń gbé e padà wá. Yàrá náà kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì Ìyá gba apá kan, àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí láti dirun gba apá kejì, dígí ńlá kan sì wà lára ògiri tó kọjú sí méjèèjì. Ẹni tó bá jókòó dirun níbẹ̀ lónìí, á máa wo Ìyá nínú dígí láti orí dé ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Onídìrí fi ti ilẹ̀kùn iwájú pa, tó sì gba ojú fèrèsé sọ fún oníbàárà tó kọ́kọ́ dé pé ọwọ́ ń dun òun.

Ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń ro tíì tó ti tutù, kò mu ún. Kò wo ọ̀dọ̀ Ìyá rárá. Àwọn ọkùnrin kan wà bẹ́ẹ̀. Bí igi bá sán, wọn á ti mọ ibi tí wọ́n máa kan ìṣó sí kí o tó pajú dé. Ṣùgbọ́n kí ara ìyá wọn má le, tíì ni wọ́n á máa rò.

Fóònù dún. Ọjọ́ Ẹtì ni, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni fóònù sì máa ń dún nílé kọ̀ọ̀kan lójú pópó yẹn, nítorí àwọn wọléwọlé ti gba nọ́ńbà gbogbo onílé sílẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ará ìlú fúnra wọn bá ń sọ ibi tí àìsàn wà, àwọn á tètè mọ orísun rẹ̀ kó tó tàn kálẹ̀. Nǹkan gidi ni wọ́n rò. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sínú ẹ̀rọ ló máa ń sọ̀rọ̀, ohùn náà sì dùn gan-an: “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bí àlàáfíà bá ni, ẹ tẹ ení. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ tàbí tó ń bì, ẹ tẹ èjì.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún mú ṣíbí rẹ̀.

“Kí lẹ tẹ̀?” ni Onídìrí bi í. Póò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ení.”

“Ìyá ń ṣu omi, ẹ tẹ ení?”

“Ẹni tó bá kí mi láàárọ̀ kùtù, ṣé ìgbẹ́ ìyá mi ni kí n fi dá a lóhùn?”

“Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe pé ó ń kí yín.”

“Ohùn èèyàn ni mo gbọ́. Ó ní ẹ káàárọ̀, ó ní ṣé àlàáfíà ni. Èsì wo ni wọ́n kọ́ ọ nílé yín pé kí èèyàn fọ̀?”

Ó dun Onídìrí wọra. Ẹni tó bá ti mẹ́nu kan ilé àwọn òbí obìnrin nínú ìjà kò wá ìlàjà mọ́. Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ Ìyá gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

“Ó ṣe dáadáa,” ni Ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti há. “Ẹ má pariwo mọ́. Àwọn aládùúgbò á gbọ́.”

Ojú Ìyá ti jìn wọ inú. Onídìrí fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà sílẹ̀. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó fi ṣíbí fún un lẹ́nu, Ìyá gbé e mì, ó sì bì í padà sórí aṣọ. Ẹ̀rù tó ti ń bá Onídìrí láti àárọ̀ wá di ìbínú. Ó mú fóònù, ó pe nọ́ńbà àwọn wọléwọlé fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Kì í ṣe ẹ̀rọ, èèyàn ni, ó sì mọ èèyàn í bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí Onídìrí sọ ibi tí òun ń gbé, ó ní kó jẹ́ kí òun wo ìwé.

“Ẹ má bínú, mà. Àdúgbò yín ló ṣe dáadáa jù lọ lára gbogbo èyí tí mo rí lónìí. Gbogbo ilé ló tẹ ení. Ilé tiyín náà tẹ ení.”

“Ọkọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ni. Ìyá rẹ̀ ń kú lọ níwájú mi níhìn-ín.”

“Mo gbọ́ yín, mà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní. Dókítà, oògùn, àwọn tó máa yẹ omi wò, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ibi tí ìpè bá ti pọ̀ là ń gbé e lọ. Ilé kan ò lè fà á wá. Ẹ bá mi wá ilé márùn-ún kó tó di ọ̀sán, kí wọ́n pè, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ yà sí. Tiyín nìyí, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Màá pè padà láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe nìyẹn.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti dìde. Ó ní òun á lọ wá mọ́tò tó máa gbé Ìyá lọ sílé ìwòsàn, kò sì wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó fi jáde. Onídìrí fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Ìyá, kí ọkọ rẹ̀ lè rí ilé pè bó bá rí mọ́tò. Ó gbé póò mímọ́ sí ìtòsí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ìyá, mò ń bọ̀ o,” Ìyá sì fi ọwọ́ ṣe é pé kó máa lọ.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Lójú pópó níwájú, èèyàn á rò pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe àdúgbò náà. Wọ́n ti gbá iwájú ilé, ilẹ̀kùn wà ní pípadé bí ti ẹni tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ló ti rí òtítọ́. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ kún orí okùn láti ilé dé ilé, wọ́n ṣì ń kán omi, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ sì gba ojú ọ̀nà kan. Kò sẹ́ni tí kò lè rí aṣọ ẹnì kejì. Olúkúlùkù ń fi aṣọ tirẹ̀ bo ojú, kò fẹ́ rí ti aládùúgbò.

Ilẹ̀kùn alápatà ló kọ́kọ́ kàn. Alápatà ṣí i díẹ̀, ó fi ikùn ńlá rẹ̀ dí àlàfo náà.

“Bàbá alápatà, ẹ káàárọ̀ o.”

“Ẹ káàárọ̀, Onídìrí. Ṣé dáadáa lẹ jí?”

“A dúpẹ́,” ni Onídìrí wí. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. Ojú tì í, ó gé ètè jẹ. “Rárá o, ẹ má bínú. A ò jí dáadáa. Ìyá ń ṣu, ó ń bì. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan nílé yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi pe àwọn wọléwọlé. Ilé márùn-ún ni wọ́n ń béèrè.”

“Nílé mi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ara gbogbo wa le koko.”

Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń bì. Ohùn náà gùn, ó sì ń roni lára. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi tán.

“Ológbò ni,” ni alápatà wí.

“Ológbò.”

“Ó jẹ nǹkan kan.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. “Onídìrí, rò ó wò. Ẹran ni mò ń tà. Ta ló máa ra ẹran lọ́wọ́ mi lọ́la bí ọkọ̀ àwọn wọléwọlé bá dúró síwájú ilé mi lónìí?” Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ tó sùn jí.

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ló kàn. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ Onídìrí ni. Òun ló máa ń wá jókòó sórí àga ìdirun lọ́jọ́ tí kò bá sí oníbàárà, tí wọ́n á máa bú ọkọ wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Onídìrí ti fọkàn sí i pé ilé yìí kò ní já òun kulẹ̀. Ọmọ kékeré Ẹlẹ́rìn-ín ló sùn sórí òkìtì aṣọ oníbàárà, ó rọ̀ jọwọlọ, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

“Ọmọ yìí ńkọ́?” ni Onídìrí bi í.

“Oorun ló ń sùn.” Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà.

“Ọ̀rẹ́ mi, èmi nìyí o. Bá mi pè wọ́n.”

“Kí àwọn tí mò ń fọṣọ fún lè wá kó aṣọ wọn lọ? Wọ́n á ní inú omi àìsàn ni mo ti fọ̀ ọ́.”

“Èmi náà ní oníbàárà.”

“O ní. Mo rí ọ̀kan tó padà láti ẹnu ọ̀nà rẹ láàárọ̀. Kí lo sọ fún un? Ṣé o ní ìyá ọkọ rẹ ń ṣu ni?”

Ẹlẹ́rìn-ín kò wò ó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Onídìrí jáde. Láti ọjọ́ tó ti wọ àdúgbò yẹn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò tíì ṣe é rí bíi pé kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bó ṣe ṣe é ní àárọ̀ yẹn.

Bàbá Onílé wà nídìí kànga. Òun ló ni ilé tó pọ̀ jù lójú pópó náà, òun náà ló ni kànga tí gbogbo wọn ń pọn. Àwọn obìnrin tò sídìí rẹ̀ pẹ̀lú korobá. Onídìrí kúnlẹ̀, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun rò pé omi náà ni.

“Bàbá mi ló gbẹ́ kànga yìí,” ni Bàbá Onílé wí. “Kò ṣe ẹnikẹ́ni rí.”

“Ẹ̀yin náà mu ún lánàá, bàbá?”

Ọwọ́ Bàbá Onílé kan wà lábẹ́ agbádá, ó dì í mọ́ ikùn, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú. “Bí wọ́n bá fi àgádágodo sẹ́nu kànga yìí, níbo lo ti máa pọnmi? Wọ́n ti ti kànga kan pa lókè ọ̀hún lọ́jọ́sí. Ṣé wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ ní omi mìíràn? Títì ni wọ́n mọ̀. Máa lọ tọ́jú ìyá rẹ, ọmọ mi. Ooru ló mú un.”

Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn nípa títì, kò parọ́. Àwọn tó ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹ kí wọ́n ní ju àgádágodo lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fìyẹn pa òùngbẹ Ìyá. Onídìrí padà sílé ní ọwọ́ òfo.

Ìyá ti yọ́ kúrò lórí ìrọ̀rí, fóònù wà láyà rẹ̀. Póò ti dojú dé.

“Ọmọ dáadáa kan pè,” ni Ìyá wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ó mọ èèyàn í kí. Ó ní, ‘Ẹ kú ilé mà, ṣé lóòótọ́ ni pé ara yín ò yá?’”

“Kí lẹ sọ fún un, Ìyá?”

“Mo ní àlàáfíà ni. Mo ní a dúpẹ́. Mo ṣàdúrà fún un.”

Onídìrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún sì fẹ́ pa á, kò mọ èyí tó máa jáde.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọmọ ọlọ́mọ,” ni Ìyá wí. “Kí ni mo fẹ́ máa di ẹrù tèmi lé e lórí fún?”

Onídìrí pe nọ́ńbà náà padà, ó tún pè é. Wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà wọlé, ó ní onímọ́tò mẹ́ta ló ti fẹ́ gbà, àfìgbà tí wọ́n bi òun léèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ó lọ fa ọmọlánke tó fi ń kó pákó jáde. Wọ́n tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, wọ́n gbé Ìyá lé e. Kò wúwo mọ́, èyí gan-an ló sì bà wọ́n lẹ́rù. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi aṣọ bò ó dé orí imú.

Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ẹnì kan ké láti ojú fèrèsé, “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o!” ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi dáhùn, bí ẹni tó ń gbé tábìlì lọ fún oníbàárà.

Ilé ìwòsàn jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì kún fún gegele. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ gbé Ìyá wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dúró sí gbọ̀ngàn níwájú nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláìsàn. Onídìrí gbójú sókè. Alápatà ló wà ní ìkángun àga gígùn, ó fa fìlà bojú, ìyàwó rẹ̀ sùn lé e léjìká. Ẹlẹ́rìn-ín wà ní ìkángun kejì, ọmọ rẹ̀ nà gbalaja lórí itan rẹ̀. Bàbá Onílé jókòó sórí àga tirẹ̀, korobá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó tíṣà tó ń gbé lójú pópó wọn wà níbẹ̀, àti àwọn aládùúgbò mìíràn. Olúkúlùkù ti gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ́ wá, olúkúlùkù sì ń wo ògiri tirẹ̀.

“Ẹni tó wá láti ẹ̀bá rélùwéè!” ni nọ́ọ̀sì pè. Alápatà gbé ìka kan sókè.

“Ẹni tó wá láti ẹ̀yìn ọjà!” Ẹlẹ́rìn-ín dìde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

“Ẹni tó wá láti ìsàlẹ̀ afárá!” Bàbá Onílé ni, tí kò sun ibòmíràn rí láyé rẹ̀ ju ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà. “Ìyá tí ẹ gbé wá yẹn, àdúgbò wo?”

“Ẹ̀bá rélùwéè,” ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

“Rélùwéè náà nìyẹn. Ó ti ń pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ lọ.”

Onídìrí rí i bó ṣe máa rí. Ọkọ̀ náà á lọ síbi tí kò sí aláìsàn, wọ́n á yẹ omi tí kò ṣe nǹkan kan wò, àwọn obìnrin á sì ṣì máa tò sídìí kànga Bàbá Onílé títí di alẹ́. Bó bá ní irọ́ ni ọkọ òun pa, òun nìkan ni, ilé kan ṣoṣo. Bó bá nàka sí wọn, wọ́n á sẹ́. Ó ṣe ohun kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó lè kọ̀ fún un níbẹ̀. Ó kí wọn.

“Bàbá alápatà, ẹ kú ọ̀sán o.”

Fìlà náà gbéra díẹ̀. “Ẹ kú ọ̀sán, Onídìrí,” ni alápatà wí, kò lè ṣe é kó má wí. “Ìyá ńkọ́?”

“Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí sínú irun ọmọ rẹ̀.

Ó rìn dé iwájú Bàbá Onílé, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. “Bàbá Onílé wa, ẹ kú ìjókòó o.”

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “A dúpẹ́.” Ó sì bì sínú korobá.

Nọ́ọ̀sì ti gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ dúró ná. Onílé ta ni? Ṣé ẹ mọra yín ni?”

“Ojú pópó kan náà ni gbogbo wa,” ni Onídìrí wí láti orí ìkúnlẹ̀. “Kànga kan náà là ń mu.” Ó dárúkọ àdúgbò náà ketekete.

Kò sẹ́ni tó sẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ń pe àwọn wọléwọlé kí Onídìrí tó dìde. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ pé onígbáméjì ni, pé kí wọ́n yí ọkọ̀ padà, pé kí wọ́n gbé omi mímu dání o, kí wọ́n má kàn lọ ti kànga pa. Onídìrí padà lọ jókòó. Ìyàwó tíṣà, tó wà lórí àga yẹn tẹ́lẹ̀, dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìn-ín gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó sọ láìwò ó pé, “Ìwọ kẹ̀.” Gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Gbogbo àga gígùn náà wá di ti Onídìrí nìkan.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn inú ṣí. Gbẹ́nàgbẹ́nà jáde, aṣọ tí wọ́n fi bo Ìyá wà lápá rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti dìde, ó di ògiri mú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni bàbá wí. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Àgbà náà ṣáà ni, ọjọ́ orí ti dé. Àbí kí ni wọ́n ní ó ṣe Ìyá?”

Ó ti fi èsì sí i lẹ́nu. Kó ṣáà gbà á ni, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí gbogbo èèyàn sì bá a dúpẹ́ pé kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ìyàwó rẹ̀ lórí àga gígùn yẹn, òun nìkan. Ó wo aṣọ tó wà lápá rẹ̀.

“Ìgbẹ́ gbuuru ni, bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo gbọ̀ngàn náà. “Omi kànga yín ni. Wọ́n bi mí láàárọ̀, mo ní àlàáfíà ni.”